Àfikún Tàbí Àfòmọ́? Ohun Tí Olùkọ́ Yorùbá Ń So Mọ́ Bùráúsà Rẹ̀

Ìkòyí ti Èkó kọ́ ni Ìkòyí tí òkìkí àwọn Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kàn nígbà ayé Ọ̀yọ́ Ilé, ṣùgbọ́n òun náà ní àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ojú ọ̀nà Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ ni MTN Plaza wà. Banana Island, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ara Ìkòyí, ni olú iléeṣẹ́ Airtel ní Nàìjíríà fìdí kalẹ̀ sí. Olùkọ́ tí ń ra dátà ní Ìlá, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ lè má tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ Ìkòyí rí, síbẹ̀ owó rẹ̀ ti lọ síbẹ̀ láìmọye ìgbà. Nígbà tí àjọ NCC tí ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí lè fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó tí wọ́n ń gbà, àpò olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá bèèrè ni èyí: nínú dátà tí olùkọ́ rà, èló ni ó lọ sórí ohun tí ó fẹ́ kà gan-an? Kí ẹni tí ń ka èyí fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni kan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé-ìwé kan nítòsí Ọbáléndé. Ọ̀la ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ọdún Ẹ̀yọ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó so ó mọ́ fóònù kí ó lè lo dátà tí ó wà lórí fóònù náà, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ tí ó ń wá. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ó ṣí kò ní ju ìpínrọ̀ mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ìpínrọ̀ kejì, fídíò kan tí kò pè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀, àwòrán bàtà àti ti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àpótí kan sì fò jáde láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi àdírẹ́ẹ̀sì íméèlì rẹ̀ sílẹ̀. Inú dátà rẹ̀ ni gbogbo wọn gbà wọlé. Ó ti sanwó ọkọ̀ fún èrò tí kò mọ̀ rí.

Oògùn àìsàn yìí ti wà tipẹ́. Ohun èlò tí ènìyàn fi ń wo ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè ní bùráúsà. Chrome, Firefox, Edge, Opera àti Safari wà lára wọn. Bí ó ṣe ti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é dé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó. Àfikún sì ni ètò kékeré tí ẹlòmíràn kọ, tí ènìyàn lè so mọ́ bùráúsà náà kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí wọn kò dá mọ́ ọn. Irú èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti kọ́ gírámà Yorùbá. ‘Kọ́’ dá dúró, ó sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Àfòmọ́ ni ó so mọ́ ọn tí ó fi di ‘olùkọ́’. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà mọ àfòmọ́ mìíràn, èyí tí ń hù lórí igi kòkó, tí ń mu omi ara igi náà títí igi yóò fi gbẹ. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Bí olùkọ́ yóò ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì nínú bùráúsà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Internet Explorer ti ń gba àfikún láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n Firefox tí àwọn Mozilla gbé jáde ní oṣù Belu ọdún 2004 ni ó sọ ọ́ di ohun tí tọmọdé tàgbà lè lò. Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọdún 2010. Ní ọdún wọ̀nyẹn, kafẹ́ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn a máa sùn síbẹ̀ mọ́jú nítorí pé owó òru dínkù sí owó ọ̀sán. Wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún nígbà náà, kì í ṣe ìwọ̀n ohun tí ó wọlé. Bí ìpolówó bá pọ̀, ìyára nìkan ni ó ń dínkù. Nísinsìnyí tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n ni àwọn ará Ìkòyí fi ń ta ọjà wọn, àwòrán bàtà kan tí kò wúlò fún olùkọ́ ti di gbèsè sí i lọ́rùn.

Nítorí náà, àfikún tí ń dí ìpolówó ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì kan, Henrik Aasted Sørensen, ni ó kọ èyí tí ń jẹ́ Adblock ní ọdún 2002. Èyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń yìn jù lónìí ni uBlock Origin, tí Raymond Hill ń tọ́jú, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Ó ní àkójọ gígùn tí ó kún fún àdírẹ́ẹ̀sì àwọn tí ń pín ìpolówó kiri. Bí ojú ìwé kan bá ní kí bùráúsà lọ gbé nǹkan wá láti ọ̀kan nínú àwọn àdírẹ́ẹ̀sì náà, àfikún yìí yóò ní kí ó má lọ. Ibẹ̀ ni èrè olùkọ́ wà. Ìyàtọ̀ wà láàrin kí ènìyàn fi aṣọ bo ẹrù tí wọ́n ti rù dé, àti kí ó má rán ẹnikẹ́ni lọ rù ú rárá. Ẹrù tí wọn kò rù wá kò jẹ dátà.

Àríyànjiyàn kò ṣàì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Google yí ìlànà tí Chrome fi ń gba àfikún padà, ìlànà tuntun náà kò sì fún uBlock Origin ní agbára tí ó ní tẹ́lẹ̀. Láàrin ọdún 2024 sí 2025 ni Chrome pa á lẹ́nu lórí ẹ̀rọ àwọn tí ń lò ó. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré, tí wọ́n ń pè ní uBlock Origin Lite, ni ó kù fún wọn. Google ní ààbò ni òun ń wá. Àwọn alátakò rán an létí pé ìpolówó ni ó fi ń jẹun. Ó ṣeé ṣe kí ìhà méjèèjì máa sọ òtítọ́. Firefox ṣì gba èyí tí ó pé.

Ọ̀rọ̀ fóònù ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Chrome tí ó máa ń bá fóònù Android wá kò fi ààyè sílẹ̀ fún àfikún. Firefox ti orí fóònù fi ààyè sílẹ̀. Láti òpin ọdún 2023 ni ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfikún. Kò náni ní owó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sì ń gbà. Ó yani lẹ́nu pé ènìyàn lè ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nílé-ìwé, kí ó mọ ìtàn Charles Babbage lórí, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ èyí fún un.

Àwọn kan yóò ní ìwà àìtọ́ ni, pé ìpolówó ni àwọn oníwèé ìròyìn fi ń san owó oṣù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ìwé ìròyìn tí a ń fi Yorùbá kọ, irú Aláròyé, kò bá rí ìpolówó, àwọn olùkọ́ Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àfikún tí ó dára ní bọ́tìnnì kan tí ènìyàn lè tẹ̀ kí ó lè yọ̀ǹda ibi tí ó bá wù ú. Ẹni tí ó fẹ́ kí ìwé ìròyìn kan yè lè ṣí ọ̀nà fún un, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oní-tẹ́tẹ́.

Fún olùkọ́ àgbà tí ń kọ àpilẹ̀kọ fún jọ́nà, Zotero ni ó yẹ kí ó mọ̀. Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà ni ó ti jáde ní ọdún 2006, gẹ́gẹ́ bí àfikún Firefox; ó ti di ètò tí ó dá dúró báyìí, ṣùgbọ́n àfikún kan ṣì wà tí ń so ó mọ́ bùráúsà. Bí ènìyàn bá ń ka àpilẹ̀kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó tẹ bọ́tìnnì kan, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti orúkọ jọ́nà yóò wọ inú àkójọ rẹ̀. Àwọn olóòtú jọ́nà Yorùbá mọ iye òru tí wọ́n ti fi ṣe àtúnṣe ìwé ìtọ́kasí tí ọdún inú rẹ̀ kò bá ti inú àpilẹ̀kọ mu. SingleFile náà wà, tí ń kó odindi ojú ìwé kan pamọ́ sínú fáìlì kan ṣoṣo kí ènìyàn lè kà á nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn tí ó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Èkó àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò ní bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Gbogbo èyí kàn olùkọ́ fisíìsì bí ó ti kan olùkọ́ Yorùbá. Ohun tí ó kan olùkọ́ Yorùbá nìkan ni àmì ohùn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ọbáléndé tẹ ‘eko’ láìfi àmì kankan sí i. Èkó tí ó jókòó sí ni ó ń wá ni, àbí ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, àbí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín? Ẹ̀rọ kò mọ̀. ‘Eyo’ ńkọ́? Ẹ̀yọ̀ tí ń jó kiri Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe ẹyọ ọ̀kan. Bí ó bá sì fẹ́ fi àmì sí i, bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí ó bá wá rí ọ̀nà kọ ‘olùkọ́’ bí ó ti tọ́ sínú íméèlì, bùráúsà rẹ̀ a fa ìlà pupa sí ìdí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé òun ni ó ṣe àṣìṣe. Ìlà pupa yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ tí ó bá ń rí i lójoojúmọ́ lábẹ́ èdè rẹ̀, tí kò rí i lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gba ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé ètò-ẹ̀kọ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìwádìí fi ń kùnà. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń ka lẹ́tà, ẹ tí ó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é tí ó ní àmì lókè ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní méjèèjì kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó dúró fún un. Níṣe ni wọ́n ń to ó pọ̀. Ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ, kí ó gbé àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti é, kí ó fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kẹta lè fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ dípò kí ó fi àmì tó-tó sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí wọn kò kọ́ lọ́gbọ́n, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, yóò sì sọ pé òun kò rí ohun tí ó wà níwájú òun gan-an. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ CMS pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ó wà lóde báyìí. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ìfẹnukò tirẹ̀.

Àfikún kan ti wà rí tí ó fẹ́ yanjú apá kan nínú ìṣòro yìí, ó sì yẹ kí ìtàn rẹ̀ wọ etí àwọn olùkọ́. Accentuate.us ni orúkọ rẹ̀. Kevin Scannell, olùkọ́ ní Yunifásítì Saint Louis ní Amẹ́ríkà, tí ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ fún èdè àwọn ará Ireland, ni ó wà nídìí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2010, ẹni tí ń lo Firefox lè kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i, kí ó tẹ bọ́tìnnì, kí àfikún náà sì dá àwọn àmì padà sí àyè wọn. Ó ṣiṣẹ́ fún èdè tí ó lé ní 100, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára wọn. Kò gba gbogbo àmì náà tán. Èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà bí ti Yorùbá ṣòro fún ẹ̀rọ tí ń méfò. Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Ní oṣù Belu ọdún 2017, Firefox 57 jáde, kò sì gba àfikún tí wọ́n kọ ní ìlànà àtijọ́ mọ́. Báyìí ni irú àfikún tí Scannell ṣe fún Firefox ìgbà náà fi di ohun tí Firefox tuntun kò mọ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀? Ẹni tí ó ṣe é ti ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ náà jẹ́ ti Yorùbá, ó ń gbé ní Saint Louis, ẹnikẹ́ni nílé kò sì gbà á tọ́. Kì í ṣe pé àwọn ará ilé sùn: Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName.com pèsè ètò ọ̀fẹ́ tí ènìyàn lè fi tẹ àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà. Túndé Adégbọlá ti ń bá irú iṣẹ́ báyìí bọ̀ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iroro Orife sì tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2018 lórí bí a ṣe lè kọ́ ẹ̀rọ láti dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwọn tí kò tí ì dá sí i ni àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ ti wọn jù, ìyẹn àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Fún àpẹẹrẹ, àfikún tí ń túmọ̀ ojú ìwé láti ọ̀dọ̀ Google ti mọ Yorùbá láti oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2013. Ó wúlò fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, ó sì léwu fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá da ohun tí ó pọ̀ jáde kọ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá láìkà á wò. Olùkọ́ tí kò lò ó rí kò lè dá àṣìṣe rẹ̀ mọ̀ nínú ìwé ọmọ.

Àfòmọ́ orí kòkó wá kù. Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ gba àfikún, bùráúsà a máa sọ ohun tí àfikún náà yóò lè ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á. Ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé yóò lè ka gbogbo ohun tí ó bá wà lórí gbogbo ojú ìwé tí ènìyàn bá ṣí, yóò sì lè yí i padà. Gbogbo ojú ìwé, títí kan ti báńkì, títí kan ibi tí olùkọ́ ti ń tẹ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni olè. Ẹni tí yóò dí ìpolówó gbọ́dọ̀ rí ojú ìwé kí ó tó lè dí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ènìyàn bá fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé, ó yẹ kí ó mọ ọmọ ẹni tí í ṣe.

Ó tilẹ̀ yẹ kí ó máa bojú wẹ̀yìn lẹ́yìn tí ó ti mọ̀ ọ́n. The Great Suspender jẹ́ àfikún tí ń mú kí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára yá díẹ̀, nípa pé ó ń fi oorun kun àwọn ojú ìwé tí ènìyàn ṣí sílẹ̀ tí kò wò. Àwọn tí ń lò ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní ọdún 2020, ẹni tí ó ṣe é tà á fún ẹlòmíràn tí àwọn tí ń lò ó kò mọ̀. Orúkọ kò yí padà, àwòrán rẹ̀ kò yí padà. Ní oṣù Èrèlè ọdún 2021, Google yọ ọ́ kúrò nílé ìtajà rẹ̀, ó sì pa á lórí ẹ̀rọ gbogbo ènìyàn, nítorí pé ohun búburú wà nínú rẹ̀. Ní ìgbà Kérésìmesì ọdún 2024, ó tún kan Cyberhaven, tí ó jẹ́ pé ààbò gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀: àwọn arúfin fi íméèlì ẹ̀tàn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, wọ́n sì fi àfikún onímájèlé rọ́pò èyí tí ó dára. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àfikún ni ẹnu lára ògiri.

Ìdí nìyí tí kò fi bójú mu kí ènìyàn kó àfikún jọ bí ẹni ń kó ìlẹ̀kẹ̀. Mẹ́ta tó, mẹ́rin ti pọ̀. Èyí tí wọn kò bá lò fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n yọ ọ́. Èyí tí kódù rẹ̀ wà ní gbangba, tí àwọn ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, sàn ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ inú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí máàkì àti orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún gbọ́dọ̀ rántí pé òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni-kọ̀ọ̀kan ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó lo bùráúsà kan tí kò ní àfikún rárá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi èkejì ṣe ìwádìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú kíláàsì kan kí wọ́n tó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìdánrawò tó láti kọ́ wọn ní èyí. Àwọn tí yóò ní àyè kò sí nínú ètò-ẹ̀kọ́ lè wò bóyá àyè wà fún iye owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò fi ra dátà.

Ní ti àmì ohùn, ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́ kí ó tó lè mọ̀ ọ́n fi sí ibi tí ó yẹ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá púpọ̀ tí ẹni tí ó mọ̀ ti fi àmì sí lórí pátápátá. Kódù tí Scannell lò wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì ni ó wọ́n. Síbẹ̀ kò sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá tí kò ní iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti jáde, tí olùkọ́ fi bíírò pupa tún àmì inú wọn ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá tò jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí eruku sì ń bò mọ́lẹ̀.